Íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa ní London: ó yára, ṣùgbọ́n kò gba àyè lọ́wọ́ wa

Ní ti ìyára, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé wọn lórí rẹ̀ nígbà tí èmi náà ń bá àwọn ará ilé ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ohunkóhun kì í sì í já. Síbẹ̀, ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún ni mo fún wọn, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìbéèrè tí a ń fi ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ṣi àdírẹ́sì kan tẹ̀, dípò kí ẹ̀rọ sọ fún un pé kò sí irú ojúlé bẹ́ẹ̀, ojú ìwé ilé-iṣẹ́ yìí ni ó máa ń jáde, tí ìpolówó ọjà tí ó bá ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ mu yóò sì kún inú rẹ̀. DNS, ètò tí ń bá wa wá nọ́mbà ibi tí orúkọ ojúlé kan wà, ni ó yẹ kí ó dáhùn pé àdírẹ́sì náà kò sí, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń gba ìdáhùn náà sọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi tiwọn rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí mo pè wọ́n, arábìnrin tí ó gbé fóònù fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, ó sì sọ pé mo ti fọwọ́ sí i nínú àdéhùn. Mo ka àdéhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbólóhùn kan tí kò ṣe pàtó nípa mímú iṣẹ́ dára sí i ni mo bá níbẹ̀. Èmi kò ka ìyẹn sí ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó sanwó fún alábàárù kí ó bá òun ru ẹrù kò sọ fún un pé kí ó tú ẹrù náà wò lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà tí wọ́n ní kí n fi pa ètò ìpolówó yìí tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú cookie kan, ìyẹn fáìlì kékeré tí ojúlé ń fi sínú ẹ̀rọ ẹni, ni wọ́n ń fi ìpinnu mi pamọ́ sí, nítorí náà kò kan fóònù ìyàwó mi tàbí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, bí mo bá sì ti pa cookie rẹ́, ìpinnu náà bá a lọ. Ẹni tí ó ń ṣọ́ àṣírí ara rẹ̀ jù lọ ni ó máa ń pa cookie rẹ́ lemọ́lemọ́. Òun gan-an ni ètò yìí sì ń fìyà jẹ.

Ó dùn mí nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2006 àti 2007, BT, ilé-iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ńlá kan níbẹ̀, dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Phorm wò lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà láìsọ fún wọn, ẹ̀rọ tí ó ń wo ojú ìwé tí ènìyàn ń kà kí ó lè mọ ìpolówó tí yóò gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tí àṣírí náà tú ní 2008, Tim Berners-Lee, ẹni tí ó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, sọ ní gbangba pé òun yóò fi ilé-iṣẹ́ tí ń fún òun ní íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wọlé. Lọ́dọ̀ Phorm náà, cookie ni wọ́n fi ń pa á. Àwọn tí ó takò ó sọ ohun kan tí mo fara mọ́ gidigidi: ìyọ̀ǹda oníbàárà nìkan kò tó, nítorí pé ẹni tí ó ni ojúlé tí a ń kà náà kò fún aládàásí ní àyè. Amazon yọ àwọn ojúlé rẹ̀ kúrò nínú ètò náà ní 2009, BT sì pa á tì lọ́dún kan náà. Àwọn olùpẹjọ́ ìjọba kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù kò dákẹ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2011. Ní Bràsílì, níbi tí Phorm bá ilé-iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì Oi ṣiṣẹ́, ìjọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.5 reais lé Oi lórí ní 2014.

Àwọn kan máa ń sọ pé HTTPS, ìlànà tí ń fi kóòdù bo ohun tí ń lọ láàárín ẹ̀rọ wa àti ojúlé, ti bo gbogbo nǹkan. Lóòótọ́, ó bo ohun tí ó wà nínú ojú ìwé, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ojúlé ṣì hàn sí ẹni tí ó gbé e kọjá. Orúkọ nìkan sì tó. Bí ilé kan bá ń lọ sí ojúlé agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ físà ní òru, tàbí ti ilé ìwòsàn àwọn tí ń wá ọmọ, tàbí ti ibi àyẹ̀wò HIV, kí ni ó kù tí a kò tíì mọ̀ nípa wọn? Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni àwa Yorùbá kì í sọ létí ẹbí pàápàá, kí a má tilẹ̀ sọ ti oníṣòwò.

Mo ti yí DNS inú ráútà, ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kárí ilé, sí ti Quad9, olùpèsè DNS mìíràn, mo sì tan DNS tí a fi kóòdù bò nínú Firefox tí a fi ń ṣí ojúlé. Ojú ìwé wọn kò yọ mọ́. Mo tún kọ̀wé béèrè gbogbo dátà tí wọ́n ní nípa mi, èyí tí òfin ní kí wọ́n dáhùn láàárín oṣù kan. Ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan nípa DNS, mo sì ti tún kọ̀wé padà. Bí wọ́n bá fi ètò yìí sí pípa fún gbogbo oníbàárà, tí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ sì tàn án fúnra rẹ̀, n óò fi ìràwọ̀ méjì kún tiwọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní tún àdéhùn yìí ṣe mọ́.