Ilé Akápò Ọba ní Bourges: Àgbéyẹ̀wò Ilé Ńlá Jacques Cœur

Kí n tó san owó ìwọlé ní ilé ńlá Jacques Cœur, ní ìlú Bourges ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, mo ti dúró pẹ́ lójú pópó, tí mò ń wo ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n yọjú lójú fèrèsé, ọ̀kan lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, èkejì lápá òsì. Òkúta ni àwọn méjèèjì, fèrèsé wọn kò sì ṣí sí yàrá kankan. Wọ́n jọ ìránṣẹ́ tí ń wọ̀nà fún ọ̀gá tí ó lọ sí ìrìn àjò.

Ọmọ oníṣòwò awọ onírun ni Jacques Cœur. Òwò rẹ̀ gba orí Òkun Mẹditaréníà dé Ìlà-Oòrùn, ó sì di akápò Ọba Charles Keje. Ọdún 1443 ni iṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa parí, ní nǹkan bí ọdún 1451, ọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Wọ́n ní ó fún Agnès Sorel, àyànfẹ́ ọba, ní májèlé jẹ. Ẹ̀sùn yẹn kò múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀sùn mìíràn mú un, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ó sá kúrò lẹ́wọ̀n ní 1454, ó sì kú sí erékùṣù Chios ní 1456. Èyí ni ó wà lọ́kàn mi bí mo ti ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn: ẹni tí ó kọ́ ilé yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé inú rẹ̀.

Ojú méjì ni ilé náà ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó lé odi ìlú tí ó ti wà láti ayé àwọn ará Róòmù, ó sì le koko bí ilé ogun. Ṣùgbọ́n apá àgbàlá kún fún òkúta tí wọ́n gbẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni hun aṣọ. Lókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná, àwọn alásè ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Lókè ọ̀nà ilé àdúrà, àwọn tí ń múra ìsìn sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ṣìnà níbẹ̀. Ọkàn àti ìkarahun wà káàkiri ara ògiri bí àrokò: “ọkàn” ni Cœur túmọ̀ sí, ìkarahun sì ni àmì Jákọ́bù Mímọ́, tí í ṣe Jacques lédè Faransé.

Àjà ilé àdúrà ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn áńgẹ́lì aláṣọ funfun kún ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù tó kún fún ìràwọ̀, ọrùn sì dùn mí kí n tó lè gbójú kúrò. Yàrá ìwẹ̀ olóoru wà pẹ̀lú, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lókè tí àjà onígi rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ dé.

Ìlú Bourges rà á ní 1682, ó di ilé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, kí ìjọba Faransé tó rà á ní 1923. Àga àti ibùsùn kò pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, àǹfààní ni èyí, nítorí òkúta nìkan ni ojú ń wò. Kí ẹni tí eékún ń dùn mọ̀ pé àtẹ̀gùn rẹ̀ yí po, ó sì pọ̀. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì wo ojú pópó dáadáa kí ẹ tó wọlé.