Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin olórin: ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó kó gbogbo owó yín sọ́wọ́ máníjà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta gìtá ní ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù mú ìwé àdéhùn kan wá kí n bá òun kà á. Máníjà kan ló gbé e fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tètè fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹta ni àyà mi já. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́ náà, pé gbogbo owó tó bá ti ibi eré, orin àti àwo wọlé yóò máa wọ inú rẹ̀, pé máníjà ni yóò máa darí rẹ̀, àti pé owó oṣù ni àwọn olórin fúnra wọn yóò máa gbà. N kò ní dárúkọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà tó ń tà, nítorí pé wọ́n ti tà á fún Badfinger rí.

Láti Swansea ní Wales ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì yìí ti bẹ̀rẹ̀, The Iveys sì ni orúkọ wọn nígbà náà. Ní 1968, Apple, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde àwọn Beatles, gbà wọ́n. Kì í ṣe pé orin wọn kò tà o! Pete Ham àti Tom Evans nínú ẹgbẹ́ náà ló kọ “Without You”, tí olórin Amẹ́ríkà Harry Nilsson tún gbé jáde, tó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì ní 1972.

Ní 1970 ni wọ́n fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Stan Polley, máníjà kan ní New York, lórí irú ètò kan náà tí mo ṣàlàyé lókè yìí. Ẹ wo ìṣirò wọn láti oṣù Kejìlá ọdún náà dé òpin oṣù Kẹwàá 1971: owó tí àwọn olórin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 27,000 dọ́là, nígbà tí owó iṣẹ́ máníjà nìkan jẹ́ 75,744 dọ́là. Pete Ham, òpómúléró ẹgbẹ́ náà nínú orin kíkọ, ló gba èyí tó kéré jù.

Lẹ́yìn èyí, Polley bá wọn ṣe àdéhùn pẹ̀lú Warner, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde mìíràn. Warner san owó àsanṣáájú, a sì retí pé apá kan rẹ̀ yóò wà nínú àkáǹtì tí tọ̀tún-tòsì yóò lè rí, ṣùgbọ́n nígbà tí Warner béèrè ibi tí owó náà wà, Polley kò fèsì. Ní oṣù Kejìlá 1974, Warner gbé Polley lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Warner kó àwo tuntun ẹgbẹ́ náà kúrò lọ́jà, wọn kò sì gba èyí tí àwọn olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ ká sílẹ̀ tán. Àwọn kan ń dá Warner lẹ́bi, èmi náà kò sì ní gbèjà wọn, ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i pé ìbuwọ́lù àwọn olórin ló sọ gbèsè máníjà di tiwọn.

Joey Molland, ọ̀kan nínú àwọn olórin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, tó ti ń fura tipẹ́, ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ọdún náà tó parí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1975, Pete Ham gbẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé ọmọ ọdún 28, tí obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé sì wà nínú oyún. Ó dárúkọ Polley nínú ìwé tó fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tú ká. Evans àti Molland tún un dá sílẹ̀, wọ́n tún jà, ó sì di pé oníkálùkù ń darí Badfinger tirẹ̀. Ní 1983, Evans náà lọ bí Ham ṣe lọ. Ní ti Polley, ó dé ilé ẹjọ́ ní California ní 1991 lórí owó ẹlòmíràn, kò sì jiyàn ẹ̀sùn náà.

Nítorí náà, kí owó yín máa wọ àkáǹtì tí ẹ̀yin fúnra yín ń buwọ́ lù, kí máníjà gba ìdá tirẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò, kí agbẹjọ́rò tí yóò ka ìwé náà má sì jẹ́ èyí tí òun mú wá. Ọ̀dọ́kùnrin wa kò tíì fọwọ́ sí i. A kọ̀wé sí máníjà náà pé kí ó yí ojú ìwé kẹta padà. Títí di àárọ̀ yìí, òun náà kò tíì fèsì.