Ìkìlọ̀ o! Tí wọ́n bá ní háàdì dísìkì yín ti kú, ẹ má tíì gbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó gbé tiyín fún ẹnikẹ́ni. Oníṣẹ́ kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yòówù tó bá ń tàn tó tún ń kú fúnra ẹ̀, tàbí tójú ẹ̀ ń di búlúù kó tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ: "Háàdì dísìkì yín ti kú, ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la." (Háàdì dísìkì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo fáìlì pa mọ́ sí.) Ohun tó sọ fún àǹtí mi nìyẹn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n, inú láptọ́ọ̀pù yẹn ni gbogbo àkọsílẹ̀ owó àwọn èèyàn wà. Wọ́n san owó dísìkì tuntun, wọ́n tún san owó pé kó bá wọn kó fáìlì jáde, ìgbà tí wọ́n máa padà débẹ̀ Windows òfìfo ni wọ́n bá, ó ní fáìlì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n ní kó gbé dísìkì àtijọ́ wá nígbà yẹn, ó lóun ti sọ ọ́ nù!

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà. Tuntun tó ní òun fi sí i, 500GB tó ti họ lára ni, síkúrù méjì péré ló dè é mú, wọ́n ti ha nọ́ńbà ara ẹ̀ dànù. 1TB, tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ẹ̀, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ta ló ń ju 1TB sí ààtàn?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ó ṣeé ṣe kí nǹkankan má ṣe dísìkì yẹn. Dísìkì tó bá ti kú pátápátá ò lè gbé Windows dìde rárá, tẹ́ ẹ bá sì ń gbọ́ kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn ló ń kú lọ. Ṣé ẹ rántí July 19, 2024, tí kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 di búlúù lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé, tí ọkọ̀ òfurufú ò lè gbéra? Fáìlì kan tí CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ààbò kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ ló fà á, àwọn tó ń tún un ṣe wọ Safe Mode, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń gbé kìkì ohun tó pọn dandan dìde, wọ́n pa fáìlì yẹn rẹ́, iṣẹ́ àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀ pé.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú nílé. Tí àmì Windows bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì páwà mọ́lẹ̀ títí á fi kú, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, á gbé Automatic Repair wá fúnra ẹ̀. Ẹ wọ Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, Startup Repair wà níbẹ̀, ẹ tún lè yọ update tó wọlé kẹ́yìn kúrò. Tó bá béèrè nọ́ńbà oníjìnnì 48 ti BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ má fọwọ́ kan Remove everything o, gbogbo fáìlì yín ló máa pa rẹ́!

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara dísìkì yẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í. Oníṣẹ́ gidi á yọ dísìkì, á fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, á kọ́kọ́ kó fáìlì yín síbòmíì lójú yín. Irú wọn pọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, mi ò bá gbogbo wọn wí. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ bọ̀, ẹ gba ẹrù yín.

Ẹni tí wọ́n bá sì ti fọ́máàtì tiẹ̀, ìyẹn tí wọ́n ti nu dísìkì ẹ̀, kó pa kọ̀ǹpútà náà báyìí, kó má gbé nǹkankan sórí ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ háàdì dísìkì, fáìlì ṣì lè jáde. SSD, ìyẹn irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló le, ìyẹn sábà máa ń nu tiẹ̀ mọ́ pátápátá.