Tamsulosin 0.4 mg fún òkúta tó há sọ́nà ìtọ̀: ohun tójú mi rí

Látìgbà táwọn èèyàn ti gbọ́ pé òkúta tó há sí mi lọ́nà ìtọ̀ jáde láìjẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń pè mí pé oògùn wo ni mo lò, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Tamsulosin lorúkọ ẹ̀, 0.4 mg, kápúsù kan lójúmọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, mo sì dúpẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òkúta ló wà fún o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìrora òkúta yìí, kí Ọlọ́run má fi hàn wá. Ẹ̀yìn ìhà ọ̀tún ló ti mú mi, ó gba abẹ́nú lọ sísàlẹ̀ títí dé ojú ara, mi ò lè jókòó, mi ò lè dùbúlẹ̀, bí mo ṣe ń rìn yíká yàrá ni mò ń bì. Ẹnì kan ládùúgbò ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, òmíì ní kí wọ́n lọ po àgbo wá, ìyàwó mi ò dá wọn lóhùn, ọkọ̀ ló lọ pè. Abẹ́rẹ́ diclofenac tó ń pa ìrora ni wọ́n fún mi ní ọsibítù kí n tó lè la ẹnu sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ ṣe CT scan, wọ́n tún yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mi wò. Sikáànù yẹn ló sọ gbogbo ẹ̀: òkúta 6 mm, ó ti kúrò nínú kíndìnrín, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kù díẹ̀ kó wọ àpò ìtọ̀. Kò sí kòkòrò nínú ìtọ̀, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Dókítà tó rí mi, ọmọbìnrin kékeré ni, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Dádì, oògùn yìí ò ní yọ́ òkúta o, kò sì ní fọ́ ọ. Ńṣe ló máa dẹ ẹran ara ibẹ̀ kí ọ̀nà lè gbà á, òkúta fúnra ẹ̀ á wá rìn jáde." Ọ̀nà tó gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀ gùn tó nǹkan bíi 25 cm, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín gan-an, tí òkúta bá bọ́ síbẹ̀ ẹran ara ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un mọ́ra, ìyẹn wà lára ohun tó ń fa ìrora yẹn. Apá ìsàlẹ̀ lagbára oògùn yìí ti ń hàn jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí òkúta wà ṣe pàtàkì bíi títóbi ẹ̀. Èyí tí ò tó 5 mm, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló máa ń jáde fúnra ẹ̀, oògùn tàbí kò sóògùn. Èyí tó bá ju 10 mm lọ, ẹ má retí ohunkóhun lọ́wọ́ kápúsù, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ọ̀nà míì.

Mo jókòó kà nípa ẹ̀ dáadáa torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn mí. Kí n sòótọ́, ẹnu àwọn olùwádìí ò kò. Ní ìlú Ọba, ìwádìí kan tó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2015, àwọn tí wọ́n lò lé ní 1,100, wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó lo tamsulosin, àwọn tó lo nifedipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) àtàwọn tó lo oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú. Ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, 512 èèyàn, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti Ṣáínà lọ́dún 2017, àwọn tó wà níbẹ̀ ju 3,000 lọ, gbogbo wọn ló jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni òkúta wọn wà, oògùn náà ràn wọ́n lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí tiwọn ju 5 mm lọ. Tèmi gan-an nìyẹn. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ní kí dókítà rò ó fún òkúta ìsàlẹ̀ tí ò tó 10 mm. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní kò wúlò rárá, mi ò gbà, tí ẹlòmíì bá sì ní gbogbo òkúta ló ń lé jáde, irọ́ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ da ilé wa rú ni ìwé pélébé tó wà nínú páálí ẹ̀. Próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyàwó mi kà á tán ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n rí nǹkan míì tẹ́ ẹ̀ sọ fún mi ni?" Próstéètì ni wọ́n ṣe oògùn náà fún lóòótọ́, àwọn dókítà ló rí i pé ó ń wúlò fún òkúta náà. Ẹ tún kíyè sí orúkọ tẹ́ ẹ bá dé kẹ́míìsì o, kẹ́míìsì kan fẹ́ tà èyí tí wọ́n po dutasteride mọ́ fún mi, ti próstéètì nìyẹn, kò kan òkúta, aboyún ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tamsulosin nìkan ni kẹ́ ẹ gbà.

Lílò ẹ̀ ò le. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́, tèmi jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ gbé e mì lódidi, ẹ má ṣí i, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu. Òòyì ni mo rí níbẹ̀rẹ̀, pàápàá tí mo bá dìde lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, torí ó ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, mo wá ń jókòó létí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ ná kí n tó dìde. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí Viagra gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Imú mi náà dí díẹ̀. Fún àwa ọkùnrin, àtọ̀ lè dín kù tàbí kó má tiẹ̀ jáde, ẹ má bẹ̀rù, ó máa padà tẹ́ ẹ bá ti dá a dúró. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, ẹ sọ fún dókítà ojú pé ẹ ti lò ó rí.

Wọ́n ní ká fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ò bá jáde ká wá ọ̀nà míì. Ìrora tún ń wá láàárín ìgbà yẹn, mò ń lo diclofenac bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ibà àti òtútù bá dé, tàbí tẹ́ ẹ̀ rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́, tàbí tí èébì ò jẹ́ kí omi dúró nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de kápúsù kankan, ọsibítù kíákíá, lóru náà. Ìtọ̀ tó ní kòkòrò tí ò rí ọ̀nà jáde lè wọnú ẹ̀jẹ̀ kó pààyàn. Ẹni tó jẹ́ kíndìnrín kan ṣoṣo ló ní ò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré rárá.

Inú asẹ́ kékeré ni mò ń tọ̀ sí, abọ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ó ta mí wìn-ìn lójú ara, mo gbọ́ kó! nínú asẹ́. Kinní ọ̀hún ò tó hóró ìrẹsì, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ara ẹ̀ rí ṣákáṣàka. Ìyàwó mi pariwo "Olúwa ṣeun o" títí àwọn ará ilé fi yọjú.

Ẹ má sọ tiyín nù. Inú ike gbígbẹ ni mo fi sí, mo gbé e lọ sí láàbù, calcium oxalate ni wọ́n pè é, irú òkúta tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ká ní uric acid ni, dókítà ní potassium citrate wà tó lè yọ́ irú ìyẹn. Fún tèmi, wọ́n ní kí n dín iyọ̀ àti máàgì kù, kí n má pa wàrà tì, kí n sì mu omi tí ìtọ̀ mi á fi mọ́ rekete, kó tó lítà méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Mo tún padà ṣe sikáànù, ọ̀nà ti mọ́, kíndìnrín tó wú ti rọlẹ̀. Ẹ má fo ìyẹn, torí ìrora lè lọ kí òkúta ṣì jókòó síbẹ̀, kó máa ba kíndìnrín jẹ́ láìmọ̀.