Àpò onítáyà fún ẹrù abẹ́ omi, láti Òṣogbo dé ẹnu bàálù

Àpò tí mò ń yẹ̀ wò yìí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó fẹ̀ ní 40, ó ga ní 35. Táyà méjì ló ní, òfìfo rẹ̀ sì wọn kílò 3.5. Ó dára, mo sì lè ní kí ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Òṣogbo lọ wẹ abẹ́ omi ní Zanzibar tàbí ní Òkun Pupa ní Íjíbítì, orí títì ni ojú àpò rẹ̀ ti máa kọ́kọ́ rí màbo kí ọ̀rọ̀ tó kan bàálù. Ìkẹjà la ti ń wọ bàálù lọ òkèèrè. Ẹ ó gba Gbọ̀ngán, ẹ ó gba Ìbàdàn, àpò yín á sì wà ní búùtù lábẹ́ gàrí àti ìrẹsì ẹlòmíì.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe to ẹrù sínú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju irú aṣọ tí wọ́n fi rán an lọ. Ẹ to fins, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ ẹsẹ̀ tí a fi ń wẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, àwọn ni kó gba ìkọlù. Ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tó ń gbé ni léfòó, tí a ń pè ní BCD, ni kó wà lápá ibi tí táyà wà, torí òun ló wúwo jù: kílò 3 sí 4. Ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde pátápátá. Wetsuit, ìyẹn aṣọ rọ́bà tó ń dènà òtútù nínú omi, ẹ ká a bí ẹní, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ibi tó bá ti ṣẹ́ po ni rọ́bà rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́, tí òtútù á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Fins tó kílò 2, wetsuit mìlímítà 3 tó kílò 1.5, bàtà tó kílò 1. Pẹ̀lú òfìfo àpò, kò tíì ju bíi kílò 12 lọ, ààyè aṣọ sì ṣì wà kó tó pé kílò 23 tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún ẹrù kan.

Àpò kékeré tó wà níta ara rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga tí a bá rò pọ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ, àpò yìí sì ti jẹ́ 155. Tí ẹ bá ki bàtà sí àpò iwájú, tó bá wú díẹ̀ báyìí, ó ti kọjá, ẹ ó sì sanwó lé e.

Ibi tó kù sí ni ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. Ó wúlò tí ẹ bá ti òkun dé, àmọ́ lásìkò òjò, tí wọ́n bá gbé àpò kalẹ̀ sínú ọ̀gọ̀dọ̀ ní gáráàjì, ibẹ̀ náà ni omi ẹlẹ́rẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sínú rẹ̀ kí ẹ tó to ẹrù. Síìpù rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń mú un gan. Ẹ fi àbẹ́là gbígbẹ pa á lára. Táyà rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi bóòtù dè, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí èyí tí wọ́n bá kàn pa kò ṣeé pààrọ̀ tí yanrìn bá ti jẹ ẹ́. Tí aṣọ bá ya, àwọn tó ń rán bàtà ní Ìgbọ̀nà lè fi òwú tó nípọn rán an.

Regulator (ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà), kọ̀ǹpútà ọwọ́ tó ń ka jíjìn àti àkókò lábẹ́ omi, àti máàsìkì kò gbọdọ̀ wọnú àpò yìí rárá. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé wọn wọ bàálù. Ẹ ká okùn regulator ní òbìrí ńlá, ẹ dé ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi sókè kó ṣeé tètè fà yọ, torí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò á fẹ́ rí i. Bátìrì lithium tí kò sí nínú ohun èlò kankan, ọwọ́ náà ni, kí ẹnu ìkọ̀ọ̀kan sì wà ní bíbò. Kò gbọdọ̀ ju Wh 100 lọ láìgba àṣẹ; Wh ni ìwọ̀n agbára bátìrì, ìyẹn fóòlù lọ́nà Ah tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tó jẹ́ fóòlù 3.7 àti Ah 3.5 kò ju bíi Wh 13 lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì, torí tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi tó bá tàn fúnra rẹ̀ láàárín aṣọ lè dáná. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀, inú àpò ńlá ló ń lọ.

Ẹ má gbé òjé tí a fi ń rì, ẹ má gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́. Sìlíńdà alumíníọ́mù tó wọ́pọ̀ ju kílò 14 lọ lófìfo, wọn ò sì ní gbà á àyàfi tí ẹ bá tú ẹnu rẹ̀ kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Ẹ yá a níbẹ̀. Ẹ kàn béèrè bóyá ẹnu DIN (tí a ń yí wọ inú ẹnu sìlíńdà) tàbí ti yoke (tí a ń fi há a mọ́ ìta) ni wọ́n ń lò, kí ẹ mú ìsopọ̀ rẹ̀ dání.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, omi inú BCD àti wetsuit tútù lè fi kílò mélòó kan kún ẹrù. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan wọ́n, kí ẹ sá wọn sí ibòji. Àkókò ìsáǹgbẹ yẹn bá ìsinmi ara mu: lẹ́yìn wíwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀, ó kéré tán, wákàtí 18 ló yẹ kó kọjá kí ẹ tó wọ bàálù, kí nàítírójìn inú ara lè jáde, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù fẹ́lẹ́ ju ti etí òkun lọ. Ẹni tó bá gba Addis Ababa, pápákọ̀ ibẹ̀ gan-an ga ju mítà 2,300 lọ, kò sí ìtura nílẹ̀ níbẹ̀. Tí bàálù yín bá máa gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ti jáde nínú omi kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó lù.