Pósítà La Jungla tí mo rà: ẹ wá àlùmọ́gàjí kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀dà àwòrán La Jungla tí Wifredo Lam, ayàwòrán ọmọ Cuba, yà láti gbé kọ́ sí pálọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo igun òkè lápá ọ̀tún. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tó di àlùmọ́gàjí mú. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ̀dà méjì ni mo ti rà lọ́dọ̀ oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì méjì tí mi ò ní dárúkọ. Ti àkọ́kọ́ kò ní àlùmọ́gàjí, ti èkejì ní in, n óò sì sọ ìdí tí nǹkan kékeré yẹn fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Dọ́là 22 ni wọ́n tà á, bébà tó ń dán yinrin, íńṣì 24 ní ìbú, 36 ní gíga. Kò pẹ́ tó fi dé. Wọ́n ká a sínú páálí róbótó, kò ya, kò sì rún. Ibi tí ìyìn rẹ̀ mọ nìyẹn. Ojúlówó àwòrán náà, tó wà ní Museum of Modern Art (MoMA) ní New York, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀: mítà 2.39 ló ga, mítà 2.30 ló fẹ̀. Báwo ni ohun tó dọ́gba báyẹn yóò ṣe kún bébà tó gùn gbọọrọ láìsí àlàfo? Àfi kí wọ́n gé e. Férémù 24 sí 36 ló pọ̀ lọ́jà, òun ni ẹni tó tẹ pósítà yìí ní lọ́kàn, kò sì fẹ́ kí funfun kankan hàn létí rẹ̀. Ló bá gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gé ti òsì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán sì bá a lọ. Ẹ̀dá mẹ́rin ló dúró nínú La Jungla. Nínú èyí tí mo rà, àwọn ti àárín ló pé, àwọn tó wà létí di àbọ̀ ara. Èyí tó wà lápá òsì pàdánù ìrù ẹṣin rẹ̀, èyí tó wà lápá ọ̀tún pàdánù ọwọ́ àti irin tó mú.

Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mo ti dúró níwájú ojúlówó rẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń wí. Búlúù àti àwọ̀ ewé ló gbà á kan, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè àti ti ọsàn tó ń yọjú láàárín wọn. Ọ̀dà náà fúyẹ́, ó ń ṣàn, ibòmíràn sì wà tí ojú yóò ti rí i pé orí bébà ló yà á sí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kánfáàsì. Nínú pósítà dọ́là 22, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ kan ṣoṣo bí ẹ̀fọ́ tó pẹ́ jù lórí iná. Dídán tó ń dán tún dá kún un: lọ́sàn-án, fèrèsé mi ni mò ń rí nínú rẹ̀ ju Lam lọ.

Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni ìwé pélébé tí wọ́n fi sínú páálí náà. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ Picasso, ayàwòrán ọmọ Sípéènì tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni Lam. Wọ́n ní Paris ló ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ Áfíríkà. Wọ́n tún ní igbó kìjikìji tó rí lójú àlá ló yà sínú La Jungla. Ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ èèyàn kọ́ sára ògiri yẹ kó mọ onítọ̀hún, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Sagua la Grande ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ ìrèké ní Cuba, lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1902. Ará Ṣáínà ni bàbá rẹ̀, Lam Yam. Ìyá rẹ̀, Ana Serafina Castilla, ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti Sípéènì lára. Ìyá ìsàmì rẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìwé pélébé yẹn sọ fún wa: Mantonica Wilson, oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn, olórìṣà Ṣàngó. Bẹ́ẹ̀ ni, Ṣàngó tiwa, tí wọ́n ń kọ ní Changó níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sóko ìrèké, tí wọ́n ń pè ní Lucumí, ni wọ́n gbé e dé ọ̀hún. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Cuba, ọdún 16 péré kí wọ́n tó bí Lam, àwọn tó ti sìnrú rí sì ṣì wà láyé nígbà tó ń dàgbà. Lam fúnra rẹ̀ kò wọ awo. Ojú ló fi gba òrìṣà, kò fi orí gbà á.

Ọdún 1923 ló gba Sípéènì lọ. Ní Madrid, Fernando Álvarez de Sotomayor, ẹni tó kọ́ ayàwòrán Salvador Dalí náà, ló kọ́ ọ. Ó fẹ́yàwó níbẹ̀, ó bí ọmọkùnrin kan. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá pa ọmọ ní 1931. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó gbè sẹ́yìn ìjọba Republic, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà títí kẹ́míkà fi ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Ibi tó ti ń gba ìtọ́jú ló ti pàdé Manolo Hugué tó ń gbẹ́ ère, ẹni yìí ló sì fún un ní lẹ́tà pé kó mú un lọ fún Picasso. Ó dé Paris ní 1938. Ẹni ọdún 35 ni, ó ti ń fi àwòrán ṣiṣẹ́ ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti sin ìyàwó, ó ti sin ọmọ, ó ti rí ogun. Irú akẹ́kọ̀ọ́ wo nìyẹn? Picasso gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí Michel Leiris, onímọ̀ nípa àṣà Áfíríkà, mú un mọ àwọn ère Áfíríkà tó wà ní Paris. Ìyẹn ni òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ìwé pélébé náà. Ère ló rí ní Paris. Òrìṣà ti wà nílé wọn tipẹ́.

Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé pélébé náà pé “iṣẹ́ ọnà àlá” ni surrealism, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán Paris tí Lam bá rìn, wọ́n sì dákẹ́. Àlá wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogun ló bí i. Òǹkọ̀wé André Breton tó di olórí ẹgbẹ́ náà ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ gbé e wọṣẹ́ ológun, ní 1916 wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn kan ní Saint-Dizier níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dà rú. Ọ̀kan wà nínú wọn tó gbà pé eré ni gbogbo ogun náà, pé àwọn àdó olóró kò lè ṣeni ní nǹkan kan, pé ọ̀dà lásán ni ọgbẹ́ tó wà lára àwọn èèyàn. Breton kò gbàgbé ọkùnrin yìí. Ibẹ̀ náà ló ti ń fi ẹ̀kọ́ Freud, oníṣègùn tó ń túmọ̀ àlá, gbìyànjú, tó ń ní kí àwọn aláìsàn rọ́ àlá wọn, kí wọ́n sọ ohun tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó sá fógun lọ sí Zurich dá ẹgbẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Dada sílẹ̀ ní Cabaret Voltaire, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ bú ọ̀làjú tó ń pa ọmọ rẹ̀ jẹ. Akéwì Guillaume Apollinaire ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ surrealism gan-an ní 1917. Ní 1919, Breton àti akéwì Philippe Soupault jókòó kọ ìwé Les Champs magnétiques, wọ́n ń kọ ọ́ kíákíá kí làákàyè má baà rí àyè dá wọn dúró. Lọ́dún 1924 ni Breton wá gbé ìwé ìkéde wọn jáde.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ka ìtàn wọn dé ibí yìí. Àwọn ọmọ Paris ń sùn, wọ́n ń rọ́ àlá, wọ́n ń kọ̀wé láìgbé ọwọ́, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn lè sọ̀rọ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọgbọ́n orí. Ọmọ Sagua la Grande ti bá irú rẹ̀ pàdé ní kékeré, láàárín àwọn tí òrìṣà ń gùn. Àwọn obìnrin olójú ẹṣin tó kún inú àwòrán rẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní àdììtú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó rí kò ní bi mí pé kí ni. Ẹni tí òrìṣà gùn, ẹṣin òrìṣà ni.

Nígbà tí Jámánì gba Paris ní 1940, Lam sá lọ sí Marseille níbi tí Breton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ọkọ̀. Oṣù Kẹta 1941 ni wọ́n wọ Capitaine Paul-Lemerle, Claude Lévi-Strauss, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, sì wà nínú ọkọ̀ náà. Lam pàdé akéwì Aimé Césaire ní Martinique. Ó dé Cuba lóṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ọdún 18, ohun tó bá nílé kò sì dùn mọ́ ọn: àwọn dúdú ṣì wà nínú ìṣẹ́, ìsìn baba wọn sì ti ń di eré tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó wá gbafẹ́.

Inú ìbínú yẹn ló ti ya La Jungla, 1942 sí 1943. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí igbó kìjikìji níbẹ̀. Ìrèké ló tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú ewé tábà. Ọ̀gbìn ni, ẹnì kan ló fi tipá mú ẹlòmíràn gbìn ín. Àwọn ẹ̀dá náà ní ojú bí agọ̀ eégún, ẹsẹ̀ wọn tóbi, ojúgun wọn sì ti dà pọ̀ mọ́ ìrèké débi pé ojú kì í tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ túmọ̀ àlùmọ́gàjí yẹn lóríṣiríṣi. Lójú tèmi, àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú agégi-gérèké ló mú irin lọ́wọ́ yìí, wọn ò sì tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gé. Yọ irin náà kúrò, ohun tó kù ni àwọn èèyàn tó ń jó láàárín ewé, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì tà fún mi ní dọ́là 22.

(MoMA ra àwòrán náà ní 1945, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà ní ọ̀nà àbáwọlé, nítòsí ibi tí àlejò ń kó kóòtù sí. Oṣù Kọkànlá 2025 ni wọ́n wá ṣí àfihàn ńlá tó kó iṣẹ́ ayé Lam jọ. Ó pẹ́, àmọ́ ó dára.)

Mo kọ̀wé sí oníṣòwò àkọ́kọ́. Èsì rẹ̀ ni pé “bí ìwọ̀n férémù ṣe rí nìyẹn”, ó sì fún mi ní ẹ̀dínwó fún ọjà mìíràn. Mi ò lò ó.

Èkejì jẹ́ dọ́là 85. Bébà rẹ̀ ki, kò dán, íńṣì 30 ni ìbú rẹ̀, wọ́n fi funfun sílẹ̀ yí ká, àwòrán sì pé látòkè délẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ADAGP, àjọ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ayàwòrán ní Faransé, sísàlẹ̀ rẹ̀. Lam kú ní Paris ní 1982, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀, ẹ fura. Búlúù rẹ̀ dára, àwọ̀ ọsàn ló pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Owó férémù ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún: ìwọ̀n yìí kì í wà ní ilé ìtajà, káfíńtà ni yóò kàn án, tèmi sì wọ́n ju pósítà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e kọ́ sókè jù. Níwájú ojúlówó, ẹsẹ̀ ńlá wọ̀nyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiyín, nítorí náà mo kọ́ tèmi lókè àga ìjókòó gẹ́lẹ́.

Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún fún àkọ́kọ́, mẹ́rin fún èkejì. Ọ̀kan tí mo yọ jẹ́ nítorí páálí tinrin tó jẹ́ kí igun kan ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ń ra tiyín, ẹ ní kí wọ́n fi páálí líle kún un; dọ́là 6 ni wọ́n ń gbà.