Ìkìlọ̀: ẹ má na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni ní gbàgede Duomo, ní Milan

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú òbí tàbí ọmọ yín lọ sí Ítálì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó di ẹrù. 35 yúróò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èmi àti ìyá ọkọ mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ò sì ra nǹkan kan. Wọn ò yọ ọ̀bẹ sí wa o. Kíkí ni wọ́n kí wa tí wọ́n fi gbà á.

Piazza del Duomo ni gbàgede tí mò ń sọ, àárín gbùngbùn Milan. Kò sí àlejò tó máa wọ ìlú yẹn tí kò ní débẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti gòkè láti ibùdó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, ló máa kò yín lójú, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1386, pẹ̀lú ère Màríà tó ń dán bíi wúrà lórí ṣóńṣó rẹ̀. Galleria Vittorio Emanuele II, ilé ìtajà ńlá kan, wà lápá òsì yín, ère ọba tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é sì wà lórí ẹṣin láàárín gbàgede. Bẹ́ ẹ ṣe gbójú sókè tẹ́ ẹ ń wòran yẹn gan-an ni àwọn tó ń fi okùn àti ẹyẹlé gbowó lọ́wọ́ àlejò máa ń dé bá yín.

Ọ̀kan nínú wọn ti rí wa láti òkèèrè. "Màmá! Màmá Áfíríkà! Nàìjíríà, àbí? Kanu!" Kanu gbá bọ́ọ̀lù fún Inter ní Milan níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì mọ̀ pé orúkọ yẹn máa ń mú inú wa dùn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Màmá ti gbọ́ kí àjèjì kan pe òun ní Màmá. Ó na ọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin náà ti yọ okùn aláwọ̀ mẹ́ta kan, ó ń ta á ní kókó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀bùn Màmá ni. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un: "Ilé á gbà ẹ́, ọ̀nà á gbà ẹ́, o ò ní ṣìnà." Àdúrà yẹn ò tíì dé àmín tó fi ní 20 yúróò ni òun máa gbà.

Mo ní kó mú okùn rẹ̀. Ó ní kò ṣeé tú mọ́. Òótọ́ ni: irú kókó tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń fà á ló ń fún sí i ni. Àwọn méjì míì ti dúró tì wá lẹ́yìn, ohùn ti yí padà, kò sí "Màmá" níbẹ̀ mọ́. Mo sanwó. Kí n tó yíjú, ẹlòmíì ti da àgbàdo sọ́wọ́ ọmọ mi, ẹyẹlé ti bà lé e lápá, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì ń na ọwọ́ sí fóònù mi pé òun fẹ́ bá wa ya fọ́tò. Mi ò fún un ní fóònù, àmọ́ ó gba 15 yúróò.

Àlùmọ́gàjí ni mo yá ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí n tó rí okùn náà gé. Ó ti fi ìlà pupa yí ọrùn ọwọ́ Màmá ká. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ yẹn ò ní ìyá ni?" Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ló jẹ́ oníjìbìtì o, mi ò sì bá ẹ̀yà kankan wí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ ilé wa ni wọ́n fi ń mú wa. Àwa kì í gbọ́ ìkíni ká má jẹ́ ẹ, a kì í sì ju ẹ̀bùn padà sí èèyàn lójú. Torí náà, ẹ sọ fún àwọn àgbàlagbà yín kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọwọ́ kó wà nínú àpò, ẹ sọ pé "No, grazie" (rárá, ẹ ṣeun), kẹ́ ẹ máa rìn lọ. Bí wọ́n bá ti so okùn náà, ẹ má ṣí pọ́ọ̀sì níbẹ̀, torí ẹni tó dúró lẹ́yìn ń wo ibi tẹ́ ẹ tọ́jú owó sí. Ẹ kọrí sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti sọ́jà tó máa ń dúró nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀ ni 112.

Tíkẹ́ẹ̀tì láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ńkọ́? Àwọn kan máa so káàdì mọ́ ọrùn, wọ́n á ní ẹ ò ní tò sórí ìlà. Ẹ lọ rà á fúnra yín lórí ìkànnì Duomo tàbí ní ọ́fíìsì wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gun òrùlé, lífítì àti àtẹ̀gùn, ti lífítì ló wọ́n jù. Àtẹ̀gùn náà lé ní 200, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ìyẹn fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ mú ìborùn dání láti ilé, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé pẹ̀lú èjìká tàbí orúnkún níta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra báàgì olórúkọ ńlá tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ nílẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbé e lọ tà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Òfin Ítálì máa ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó ra ayédèrú náà, ó sì lè tó 7,000 yúróò. Ẹni tó tà á fún yín á ti fa okùn tó so mọ́ etí aṣọ rẹ̀, á ti sá lọ.

A padà lọ lọ́jọ́ kejì, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Àwọn tó ń gbálẹ̀ àti ẹyẹlé nìkan ló wà níbẹ̀. Màmá dúró sábẹ́ ẹṣin ọba, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò kóòtù, mo ya fọ́tò wọn lọ́fẹ̀ẹ́.